Bí ọmọ tó kéré nígbà ìbí ṣe ń dàgbà: ohun tó yẹ kí òbí ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ mọ̀

"Ọmọ oṣù mélòó rèé?" Ìbéèrè lásán ni lójú ẹni tó béèrè, ṣùgbọ́n ó máa ń dun ìyá tó bí ọmọ tó kéré. Ó lè jẹ́ lórí ìjókòó ní ibùdó ìlera, ó lè jẹ́ nínú dáńfó, ó lè jẹ́ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ìyá á ní oṣù mẹ́fà ni. Ẹni tó béèrè á tún ọmọ náà wò, á ní, "Ẹ má bínú o, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa?" Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn á ti bẹ̀rẹ̀: ẹ wá àgbo fún un, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì, ọmú yín ò tó o.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọmọ náà. Wọ́n ṣi oṣù rẹ̀ kà ni. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́, tí àwọn ará ilé á máa sọ pé, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, á sanra tó bá yá." Bí èèyàn ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni àlàyé yìí dá lé, torí ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ ẹ̀mí ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré nílẹ̀ yìí. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 39 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Wàhálà àwọn ọmọ tó tètè dé wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù.

Ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ tó kéré?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ló fi ìlà sílẹ̀. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ tó kéré ni. Èyí tí ò tó kílò 1.5 kéré gan-an. Èyí tí ò tó kílò 1, ìyẹn ọmọ tí ò wúwo tó ike omi lítà kan, òun ló nílò ìtọ́jú tó lágbára jù.

Ọ̀nà méjì ni ọmọ ń gbà kéré. Èkíní ni ọmọ tó tètè dé, tí wọ́n bí kí ọ̀sẹ̀ 37 oyún tó pé. Òun làwọn èèyàn sábà máa ń pè ní ọmọ oṣù méje. Èkejì ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ àti atẹ́gùn tó yẹ kó máa gba inú ibi ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò tó, tó fi jẹ́ pé ó gbẹ nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn mìíràn wà tí méjèèjì pàdé lára wọn: wọ́n tètè dé, wọ́n tún gbẹ. Ó yẹ kí ìyá mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́, torí bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ orí wọn yàtọ̀ síra.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn èèyàn pé ọmọ oṣù méje máa ń yè ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá fi kún tirẹ̀ nínú oyún ló ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ àti ọgbọ́n tó fi ń mu ọmú gbó sí i. Tí ìrọbí bá mú aláboyún oṣù mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ ti lọ. Ìrètí tirẹ̀ pọ̀ ju ti oṣù méje lọ.

Kí ló ń fà á? Ibà wà lára rẹ̀. Kòkòrò ibà lè sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, kó máa dí oúnjẹ ọmọ lọ́wọ́, tí ara ìyá ò sì ní gbóná pàápàá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláboyún ní oògùn SP ní kílíníìkì láti nǹkan bí oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, tí oṣù kan á máa wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún tún wà níbẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, àrùn inú ìtọ̀, àti kí oyún tún tètè dé lẹ́yìn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ìbejì náà ńkọ́? Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lágbàáyé, ìlú Ìgbò-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì lókìkí fún un. Àwọn méjì ló ń pín àyè kan, wọ́n sì sábà máa ń tètè dé, ìdí nìyẹn tí Táyé àti Kẹ́hìndé fi máa ń kéré ju ọmọ kan ṣoṣo lọ. Nínú gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó túmọ̀ sí pé ìyá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, tàbí pé ọmọ náà jẹ́ àbíkú.

Ọjọ́ orí méjì ni ọmọ tó tètè dé ní

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ká ní obìnrin méjì ń gbé ilé kan náà ní Mafoluku. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni àwọn méjèèjì bí ọmọbìnrin. Oyún ti ìyá àkọ́kọ́ pé ọ̀sẹ̀ 40. Ti ìyá kejì ò ju ọ̀sẹ̀ 32 lọ. Ìyẹn ni pé ọmọ kejì fi ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Apá ìparí oṣù Kẹrin ló yẹ kí wọ́n bí i.

Tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ méjèèjì pé oṣù mẹ́fà lórí kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n tí dókítà bá fẹ́ wo bí ọmọ kejì ṣe ń dàgbà, á yọ ọ̀sẹ̀ 8 yẹn kúrò. Oṣù mẹ́rin ló máa kà fún un. Ọ̀sẹ̀ 8 tó yẹ kó lò nínú oyún, ìta ló ti lò ó.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń yí padà. Ká ní wọ́n gbé ọmọ kejì sórí òṣùwọ̀n, ó sì wọn kílò 5.6. Lórí àtẹ WHO tó jáde ní 2006, ọmọbìnrin oṣù mẹ́fà tó wà láàárín máa ń wọn nǹkan bí kílò 7.3, èyí tí ò bá sì tó kílò 5.7, wọ́n á kọ ọ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ ò tó. Tí wọ́n bá ka oṣù mẹ́fà fún ọmọ yìí, ó ti jábọ́ sábẹ́ ìlà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ka oṣù mẹ́rin, èyí tó wà láàárín ń wọn nǹkan bí kílò 6.4, ìlà ìsàlẹ̀ sì jẹ́ kílò 5.0. Ọmọ náà ti kọjá ìlà dáadáa. Ọmọ kan náà ni, òṣùwọ̀n kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ka oṣù rẹ̀ ló yàtọ̀.

Báyìí ni wọ́n á máa kà á títí tí ọmọ á fi pé ọdún méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá kan ìjókòó àti ìrìn. Àwọn ọmọ tí WHO wò láti fi ṣe àtẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́sàn-án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí oṣù 17 àtààbọ̀. Ọmọ tó fi oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ lè lo oṣù méjì sí i kó tó rìn, kí ó má sì jẹ́ ọ̀lẹ, kí ó má sì jẹ́ aláìsàn.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún o. Àkọ́kọ́, ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tó kéré, a kì í yọ ọ̀sẹ̀ kankan fún un. Èkejì, abẹ́rẹ́ àjẹsára ò mọ ìyọkúrò. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n fi ń ka ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14 àti oṣù 9 fún un bíi ti ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ tó kéré ni àìsàn máa ń tètè mú, àwọn gan-an ni kò yẹ kó pẹ́. Tí dókítà bá fẹ́ kí ọ̀kan nínú rẹ̀ dúró díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ, á sì dá ọjọ́.

Ooru àyà ìyá: ohun tí wọ́n rí ní Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ tó kéré ò ní ọ̀rá lábẹ́ awọ. Òtútù máa ń tètè mú un, kódà nínú ooru Èkó. Tí òtútù bá mú un, wàrà tó yẹ kó fi dàgbà ló máa fi ṣe ooru. Ó dà bí ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ra epo sí jẹnẹrétọ̀: iná á tàn, ṣùgbọ́n ebi á máa pa ará ilé. Nítorí náà, kí ọmọ tó lè sanra, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní 1978, dókítà kan tó ń jẹ́ Edgar Rey wà ní Bogotá, olú ìlú orílẹ̀-èdè Colombia. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ gbóná ò tó, ọmọ ju ọ̀kan lọ ló ń sùn nínú ẹ̀rọ kan, àìsàn sì ń ran láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ó ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn sí àyà, awọ kan awọ, bí ẹranko kangaroo ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Bogotá lẹ́yìn 20 ọdún, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n gbé sí àyà ò fi bẹ́ẹ̀ pa ilé ìwé jẹ, ara wọn sì balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìbéèrè kan wá kù: ṣé kí wọ́n dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ ni, àbí kí wọ́n gbé e sí àyà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i? Ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ọsibítù márùn-ún tó bá WHO wá ìdáhùn. Àwọn mẹ́rin yòókù wà ní Ghana, Íńdíà, Màláwì àti Tanzania. Ọmọ 3,211 ni wọ́n wò, àwọn tó wọn kílò 1 sí ìwọ̀n tí kò tó kílò 1.8. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n gbé sí àyà lójú ẹsẹ̀, 12 ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú 100 tí wọ́n kọ́kọ́ dúró, nǹkan bí 16 ló kú. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró, torí kò dára mọ́ kí wọ́n máa fi ọmọ kankan dúró. Ní 2022, WHO sọ ọ́ di ìlànà: lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wákàtí 8 sí 24 lóòjọ́.

Yorùbá mọ ọmọ pípọ̀n, ọ̀já ò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé iwájú ni wọ́n ń gbé eléyìí sí. Ọmọ á wọ fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti nápíkìn nìkan. Wọ́n á gbé e dúró sáàárín ọmú méjèèjì, àyà rẹ̀ á kan àyà ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Orí rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn rẹ̀ ò ní tẹ̀ síwájú, imú àti ẹnu rẹ̀ á wà ní gbangba kó lè mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aṣọ tàbí ọ̀já dè é kó má baà yọ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó kúrò ní ọsibítù.

Ìyá nìkan kọ́ ló lè ṣe é. Bàbá ọmọ lè ṣí àyà sílẹ̀, kó gba ọmọ nígbà tí ìyá bá fẹ́ wẹ̀ tàbí kó sùn. Ìyá àgbà lè gbà á. Kò fẹ́ iná ọba, kò sì fẹ́ epo. Ní àdúgbò tí iná ti ń wá tó tún ń lọ, oore ńlá nìyẹn.

Ọmú, àti ohun tí kò yẹ kó bá a pàdé

Ọmọ tí ò tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 lè má tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọmú, tí wọ́n ń gbé e mì, tí wọ́n sì ń mí lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé ó kọ ọmú. Ìyá á fún wàrà rẹ̀ sínú ife mímọ́, wọ́n á fi ọ̀pá kékeré tàbí ife fún un díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa lágbára. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń fún un lẹ́ẹ̀kan, títí kan òru. Ọmọ tó kéré lè sùn kọjá ebi, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ jí i. Wàrà tí ìyá fún sílẹ̀ láìsí fíríìjì kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìwọ̀n ọmọ máa ń lọ sílẹ̀. Kò yẹ kó dẹ́rù bani. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń gbà kó tó padà sí ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i. Nígbà tó bá ti délé, tó ń mu ọmú dáadáa, gíráàmù 20 sí 30 ló yẹ kó máa fi kún un lóòjọ́. Ìyẹn fẹ́ẹ̀ tó gíráàmù 150 sí 200 lọ́sẹ̀ kan. Ó kéré lójú, àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Inú ọmọ yìí ò tóbi. Ṣíbí omi kan tàbí ṣíbí àgbo kan tó bá wọlé, ipò wàrà ló gbà, omi àti àgbo ò sì ní ohun tí ọmọ lè fi dàgbà. Rírọ ọmọ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi agídí rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Ọmọ tí dókítà bá ní kó máa mu wàrà inú agolo, ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára agolo ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n má ṣe là á kó lè pẹ́ lọ́wọ́, ebi ni wọ́n fi ń pa ọmọ.

Ohun kan tún wà tí ọmú nìkan ò lè ṣe fún ọmọ tó tètè dé. Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún ni ọmọ máa ń kó èròjà áyọ́ọ̀nù tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó jáde kí oṣù yẹn tó pé, ó jáde láìkó ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ oògùn olómi tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu. Kí ìyá má ṣe lọ rà á fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ kẹ́mísí, torí ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń wọn oògùn náà.

Nígbà tí àkókò oúnjẹ bá tó, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà tàbí ìgbà tí dókítà bá dá, ògì funfun lásán ò lè gbé ọmọ tó ń lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Ẹ po ó kó ki, ẹ fi edé lílọ̀, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí sóyà sí i, kí ẹ sì fi epo pupa díẹ̀ kún un.

Káfúrà àti ibà pọ́njú

Ibà pọ́njú sábà máa ń mú ọmọ tó tètè dé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò tíì gbó, kò lè tètè kó ìdọ̀tí pupa rẹ́súrẹ́sú inú ẹ̀jẹ̀ dànù. Tó bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ, ó sì lè gba etí ọmọ tàbí kó sọ ọ́ di arọ. Ọmọ tí irú rẹ̀ bá ṣe ò ní dàgbà bó ṣe yẹ, bó ti wù kí wọ́n bọ́ ọ tó.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá ọmọkùnrin, ni wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà ara kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káfúrà símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ibà pọ́njú sì gùn ún lójijì. Ẹ má fi káfúrà sínú àpótí aṣọ ọmọ tuntun. Aṣọ tí wọ́n bá fún yín tó ti ń rùn káfúrà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a títí òórùn náà á fi lọ. Ẹ má fi epo ìpara tó ń ta sánsán pa á lára. Tí ojú ọmọ bá pọ́n, iná búlúù ọsibítù ló ń wò ó. Yíyá oòrùn àárọ̀ ò lè dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi glúkóòsì ò lè dípò rẹ̀.

Ìlà inú káàdì

Ohun tó dájú jù láti fi mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ aládùúgbò. Káàdì ni. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀n: ìwọ̀n ara, gígùn àti yíyí orí ká. Wọ́n á fi àmì sí i, wọ́n á so àwọn àmì náà pọ̀ di ìlà.

Ibi tí ìlà wà kọ́ ni ọ̀rọ̀ pàtàkì, ibi tó dojú kọ ni. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń gòkè, ó ń ṣe dáadáa. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ wà lókè ṣùgbọ́n tó dúró sójú kan tàbí tó ń wálẹ̀, ẹ má fi falẹ̀. Tí ìlà ò bá gòkè nígbà méjì tẹ̀léra, kí ìyá béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kó má sì kúrò níbẹ̀ láìgba ìdáhùn.

Ìwádìí láti òkè òkun fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá tó kéré ju bó ṣe yẹ kí oṣù rẹ̀ rí lọ, bíi mẹ́sàn-án máa ń bá ẹgbẹ́ wọn kí wọ́n tó pé ọdún méjì. Àwọn tó tètè dé gan-an lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì yẹ kí òbí máa kánjú kó ọ̀rá lé ọmọ. Àwọn tí wọ́n bí ní kékeré, tí wọ́n wá sanra ju bó ṣe yẹ lọ ní kékeré, wọ́n sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ju àwọn yòókù lọ tí wọ́n bá dàgbà. Kó dàgbà déédéé là ń fẹ́.

Ojú àti etí wà lára rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí kí ọ̀sẹ̀ 32 tó pé, tàbí tí ò tó kílò 1.5, dókítà ojú gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ lè máa hù gba ibi tí kò yẹ. Ó ní àkókò tí wọ́n lè wò ó. Tí àkókò yẹn bá kọjá, ọmọ lè fọ́jú láéláé. Ẹ sì ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ìyá tó gbọ́dọ̀ padà sọ́jà

Gbogbo èyí rọrùn láti sọ. Àmọ́ ìyá tó ń tajà lábẹ́ afárá Oṣòdì, tàbí tó ń dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó lè ná ọjà Aswani, kò ní ọ̀gá tó máa fún un ní ìsinmi. Láti 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà fún òṣìṣẹ́ ìjọba obìnrin tó bá bímọ, àti ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá fún bàbá ọmọ. Ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe ò sí nínú rẹ̀. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, ìdílé ni ìsinmi rẹ̀. Ọkọ tó gbé ọmọ sí àyà fún wákàtí mẹ́ta, ìyá ọkọ tó dáná, ọ̀rẹ́ tó bá a wo ṣọ́ọ̀bù, ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n ń bá a fi kún.

Owó ọkọ̀ náà máa ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti padà sí kílíníìkì. Gbígbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n àti àjẹsára, ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ilé lè ṣe é. Fún ohun tó ju ìyẹn lọ, ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìsọlọ̀ wà nítòsí. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ kọjá ibẹ̀, LASUTH ní Ìkẹjà, níbi tí Àyìnkẹ́ House wà, àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ló sábà máa ń gbà wọ́n. Ó tún yẹ kí ìdílé béèrè nípa ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó nígbà tí oyún ṣì wà nínú, kì í ṣe ìgbà tí owó ọsibítù bá ti wọlé.

Tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì yìí, ẹ má dúró dọjọ́ kílíníìkì, òru ni o, ọ̀sán ni o:

– ọmọ ò mu ọmú mọ́, tàbí kò lágbára láti fà á
– ara rẹ̀ tutù, kò sì gbóná lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sí àyà, tàbí ara rẹ̀ gbóná fòò
– ó ń mí ju ìgbà 60 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí
– ó dákẹ́ mímí fún ìgbà díẹ̀, tàbí ètè rẹ̀ ń di dúdú
– gìrì mú un
– àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n
– ó rọ jọwọlọ, kò ṣeé jí

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní 2020, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní Singapore tí kò wọn ju gíráàmù 212 lọ. Oṣù 13 ló lò ní ọsibítù, ó sì ti wọn kílò 6.3 nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò fún un kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tó kéré níbí ò kéré tó bẹ́ẹ̀. Ooru ara, wàrà ọmú àti ẹni tó ń ṣọ́ wọn ni wọ́n nílò.

Nítorí náà, kí ìyá tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó kúrò ní ọsibítù, kó béèrè ohun mẹ́ta, kó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì fún òun. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún mi nígbà tí mo bí i? Ọjọ́ wo ni kí n padà wá wọn ọn? Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ibo ni kí n gbé e lọ? Ẹni tó bá ní ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ti mọ iye oṣù tó yẹ kó ka ọmọ rẹ̀ sí.